Ẹ̀rọ Tó Dúró Ṣì Lè Gbọ́ Àṣẹ: Ìtọ́sọ́nà sí Àwọn Orúkọ inú Pánẹ́ẹ̀lì Aládàáṣe àti Ààbò Iná

Àwọn tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ iṣẹ́ wáyà inú ilé dáadáa ní Kábà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti àwọn ìlú yòókù ní ilẹ̀ Okun, tí wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Òmíràn nínú yín yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti sìmẹ́ńtì tó wà ní Obajana ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀. Òmíràn kò ní kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ìrẹsì tàbí ilé iṣẹ́ gàrí ni wọn yóò ti ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá wo pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí tí àwọn ohun tó ń darí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ohun kan wà tí iṣẹ́ inú ilé ti mọ́ wa lára tí kò bá ibẹ̀ mu. Nínú ilé, bí gílóòbù bá kú nígbà tí a pa súìṣì, a gbà pé iná ti kúrò níbẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ aládàáṣe, ẹ̀rọ lè dúró jẹ́ẹ́ kí iná ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó sì máa retí àṣẹ tí yóò gba orí wáyà tín-ín-rín kan wá láti yàrá mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ ti ń kọ́ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan nínú pánẹ́ẹ̀lì, ẹ máa béèrè ohun méjì nípa rẹ̀: ta ló lè pàṣẹ fún un, ibo sì ni iná rẹ̀ ti ń wọlé?

Ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé

Iná ìjọba tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí ilé iṣẹ́ AEDC ń pín ní ìpínlẹ̀ Kogí, máa ń gba orí wáyà 33,000 tàbí 11,000 fólítì kọjá kí tíránsífọ́mà tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bí 415 fólítì láàárín féèsì kan àti òmíràn. Láàárín féèsì àti niútírà, ó tó nǹkan bí 240. Mọ́tò iná tó ń yí pọ́ǹpù, bẹ́líìtì àti ẹ̀rọ ìlọ ní ilé iṣẹ́ sábà máa ń lo féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí lára ìlẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì ni àísólétọ̀, ìyẹn ọwọ́ ńlá tí a ń fi ọwọ́ ara wa yí, tó ń já féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní ihò tí a lè ki àgádágodo bọ̀. Ẹ fi ihò yẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bíréékà, tó ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná tó ń kọjá bá ju agbára wáyà lọ tàbí nígbà tí féèsì bá pàdé ohun tí kò yẹ kó pàdé. Kọ́ńtátọ̀ ló tẹ̀ lé e: súìṣì tí òòfà ń fà ni, tí ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún kọ́ nígbà tí kọ́ìlì kékeré inú rẹ̀ bá gba iná. Ohun tó ń ṣọ́ mọ́tò kí ó má baà jóná nítorí iṣẹ́ àṣejù ni à ń pè ní rílè ovalódù, tó máa ń jókòó sí abẹ́ kọ́ńtátọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń pa kọ́ńtátọ̀, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti pa iná. Èyí léwu púpọ̀. Kọ́ńtátọ̀ kì í ṣe àísólétọ̀. Irin inú rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ra nítorí ooru, ẹni tó sì ń pàṣẹ fún kọ́ìlì rẹ̀ lè má sí nítòsí rárá.

Dráífù nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun ni àpótí tó ń mú kí mọ́tò yára tàbí kí ó rọra, nípa yíyí iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan padà. 50 ni ti iná ìjọba, dráífù lè sọ ọ́ di 30 tàbí 45 bí a bá ṣe fẹ́. Kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, yóò kọ́kọ́ sọ iná AC (èyí tó ń lọ tó sì ń bọ̀) di DC (èyí tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo), yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú kàpásítọ̀ ńlá. Bí iná tó wọlé bá jẹ́ 415 fólítì, èyí tó wà nínú kàpásítọ̀ náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 590 fólítì DC, kì í sì í kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá já àísólétọ̀. Ara dráífù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ṣí i, ó sábà máa ń wà láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ má fi ojú wò ó lásán.

Nínú pánẹ́ẹ̀lì kan náà ni ẹ ó tún rí páwà-sọ́pláì tó ń sọ 240 fólítì AC di 24 fólítì DC. Iná kékeré yìí ni sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn nǹkan tó sì ń ròyìn rẹ̀), PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) àti rílè kéékèèké (súìṣì kékeré tí òòfà ń fà) ń jẹ.

Àwọ̀ wáyà gba ìṣọ́ra, nítorí pé ètò àwọ̀ méjì ló wà lójú iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ètò àtijọ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni féèsì, dúdú sì ni niútírà. Nínú ètò tuntun, tí Bírítéènì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2004, àwọ̀ ilẹ̀, dúdú àti àwọ̀ eérú ni féèsì, búlúù sì ni niútírà. Dúdú tó jẹ́ niútírà nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ ni féèsì nínú ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, búlúù tó jẹ́ féèsì tẹ́lẹ̀ sì ti di niútírà. Nígbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ tuntun mọ́ wáyà ilé àtijọ́, méjèèjì yóò pàdé nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Wáyà ilẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, nìkan ni kò yí padà. Mítà ni kí ẹ fi mọ ohun tí wáyà jẹ́. Àwọ̀ kàn ń fún wa ní ìtọ́ka ni. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: nínú pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní ìlànà IEC 60204-1, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún ààbò iná ẹ̀rọ, wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn ni èyí tí iná ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti já àísólétọ̀, nítorí pé láti ibòmíràn ni iná rẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ wá orísun rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nítòsí rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀, PLC àti ojú tí a fi ń wò wọ́n

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé iṣẹ́ omi kékeré kan bí àpẹẹrẹ: kànga ẹ̀rọ kan, pọ́ǹpù kan, táǹkì kan tó ga ní mítà 5. Sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì ń wọn bí omi ṣe jìn tó, ó sì ń sọ ọ́ fún PLC nípa iye iná tó ń gbà kọjá lórí wáyà méjì, láti 4 mA títí dé 20 mA (mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpù). Bí táǹkì bá ṣófo, 4 mA. Bó bá kún, 20 mA. Bí omi bá dé ìdajì, ìyẹn mítà 2.5, 12 mA. Ìdí tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni pé wáyà tó já ń fúnni ní òdo. Bí PLC bá rí 0 mA, ó mọ̀ pé wáyà ti já, kò ní rò pé táǹkì ló ṣófo, kò sì ní máa fa omi títí tí yóò fi ya bo ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọn iná yìí, ẹ já wáyà kan kí ẹ sì fi mítà sí àárín rẹ̀, kí iná gba inú mítà kọjá. Ẹ má ṣe fi mítà tí a yí sí ojú áńpù lé féèsì àti niútírà lórí láéláé. Mítà yóò di ọ̀nà tààrà tí iná yóò gbà pàdé ara rẹ̀, ó sì lè bú gbàù lójú yín.

PLC ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pinnu. Orí iṣẹ́ ọkọ̀ ni èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ilé iṣẹ́ General Motors ni ó rẹ̀ láti máa tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún rílè, kí ó sì tún wọn dè, nígbàkígbà tí wọ́n bá yí àwòrán ọkọ̀ padà, Dick Morley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé Modicon 084 jáde ní 1969. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti yé. Yóò ka ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ sọ, yóò tẹ̀ lé ètò tí a kọ sínú rẹ̀, yóò pàṣẹ fún kọ́ńtátọ̀ tàbí dráífù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

HMI ni ojú tí òṣìṣẹ́ ń wò tó sì ń fi ìka tẹ̀ lára pánẹ́ẹ̀lì. SCADA ni sọ́fítíwíà tó ń kó ìròyìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ PLC jọ sí yàrá kan, tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ fi lè rí pọ́ǹpù tó jìnnà sí i, kí ó sì tan án láti ibẹ̀.

Súìṣì ọlọ́nà mẹ́ta wà lára ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n kọ Hand, Off àti Auto sí. Ní Hand, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ní Auto, PLC ló ń pàṣẹ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró pẹ́. Bí súìṣì bá wà ní Auto tí pọ́ǹpù sì dúró, ó lè jẹ́ pé táǹkì kún ni. Bí ẹnì kan bá ki ọwọ́ bọ bẹ́líìtì nítorí pé ó rí i pé ẹ̀rọ kò yí, tí àwọn obìnrin tó ń fọ ike lẹ́yìn ilé sì ṣí ẹ̀rọ omi mẹ́ta, omi yóò wálẹ̀, sẹ́ńsọ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀, PLC yóò tan pọ́ǹpù. Kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnì kankan. Kí a sì yí i sí Off kò tó, nítorí pé wáyà tín-ín-rín ni Off ń já. Ti féèsì wà níbi tó wà. Bákan náà ni bọ́tìnì pupa ńlá tó dà bí olú, tí a ń tẹ̀ nígbà ewu: ó wà láti dá ẹ̀rọ dúró kíákíá, kò wà fún títún ẹ̀rọ ṣe.

Bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá gba wáyà méjì, sẹ́ńsọ̀ ọgọ́rùn-ún yóò gba igba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wáyà kan ṣoṣo lè gbé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Modbus ni ẹ ó kọ́kọ́ pàdé, nítorí pé ó rọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú dráífù, mítà iná àti pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ tó ń dé ọjà wa. Ilé iṣẹ́ Modicon ló gbé e jáde ní 1979. Ètò rẹ̀ rí bíi ti olórí ẹbí tó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí a pè nìkan ló ń dáhùn, kò sì sí ọmọ tó lè la ẹnu tí a kò bá pè é. Ìwé àtijọ́ ń pe ẹni tó ń pè ní master, ó sì ń pe àwọn tó ń dáhùn ní slave. Láti 2020 ni àjọ tó ń bójú tó Modbus ti sọ pé kí a máa lo client àti server, nítorí náà ẹ ó rí orúkọ méjèèjì nínú ìwé ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tí a fi ń pe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni àdírẹ́sì rẹ̀, láti 1 dé 247. Nọ́ńbà 0 jẹ́ ìpè fún gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í dáhùn sí i. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, wọn yóò dáhùn pọ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú; ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò nìyẹn nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dráífù tuntun rọ́pò èyí tó jóná, torí pé ọ̀pọ̀ dráífù máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú àdírẹ́sì 1. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà kan gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ ní ìyára kan náà pẹ̀lú, bíi 9600 tàbí 19200 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Inú rẹ́jísítà ni ẹ̀rọ ń tọ́jú ohun tó mọ̀ sí. Rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà láti 0 dé 65,535, kò sì mọ àmì ìdá. Nítorí náà bí ẹ bá kà 498 láti inú dráífù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ 49.8, ìwé ẹ̀rọ ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Ìṣòro kan wà tó ń jẹ ọ̀pọ̀ àkókò oníṣẹ́: ìwé kan lè pe rẹ́jísítà kan ní 40001, kí sọ́fítíwíà yín sì máa retí 0 fún ibẹ̀ kan náà. Bí gbogbo ohun tí ẹ ń kà bá fi ipò kan yàtọ̀, ẹ fi ọ̀kan kún nọ́ńbà náà tàbí kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò.

Iṣẹ́ tí a ń rán ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tirẹ̀. 03 ń ka rẹ́jísítà. Kíkà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. 06 ń kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà, 05 sì ń tan ohun kan tàbí ó ń pa á. Irú àwọn nọ́ńbà tó ń kọ nǹkan báyìí ló lè mú kí mọ́tò yí. Modbus àbáláyé kò sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan: ẹ̀rọ kò lè béèrè ẹni tó ń pàṣẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí wáyà náà tàbí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ó lè pàṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí yàrá ìṣàkóso pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń fi 06 dán nǹkan wò láìmọ̀ pé ẹlòmíràn wà nídìí ẹ̀rọ, lè gé ìka ẹni ẹlẹ́ni. Èyí ni mo ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí rẹ̀ náà ni kò fi yẹ kí a so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi tí gbogbo ènìyàn ọ́fíìsì ń lò.

RS-485 ni orúkọ wáyà tí Modbus sábà máa ń gbà kọjá. Okùn méjì tí a lọ́ mọ́ra ni, A àti B. Ó lè dé 1,200 mítà bí ìyára rẹ̀ kò bá pọ̀, ó sì lè gba ẹ̀rọ 32 láìsí ohun tó ń ràn án lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ tó fún ilé iṣẹ́ kékeré wa. Láti ẹ̀rọ kan bọ́ sí èkejì ni kí ẹ ṣe so ó, kí ó má pín sí ẹ̀ka púpọ̀. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni a ń fi résítọ̀ 120 óòmù sí. Láti mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀, ẹ pa iná gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà náà, kí ẹ sì wọn àárín A àti B: bí ó bá sún mọ́ 60 óòmù, méjèèjì wà, bí ó bá jẹ́ 120, ọ̀kan ti sọnù, bí ó bá kéré ju 60 lọ dáadáa, ẹnì kan ti fi ẹ̀kẹta sí i. Wáyà ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá wáyà mọ́tò tó ń ti ara dráífù bọ̀ rìn nínú ọ̀pá kan. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Profibus, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni wáyà aláwọ̀ àlùkò tí ẹ ó rí ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Profinet ni àbúrò rẹ̀, tó ń gba orí Ethernet (irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò), tí wáyà rẹ̀ sì sábà máa ń ní àwọ̀ ewé. Ethernet oníbàbà kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ láti ibì kan dé èkejì. HART ń fi ọ̀rọ̀ dígítà gun orí 4–20 mA láìdí i lọ́wọ́.

Àpótí tó bá wà níbi tí eruku sìmẹ́ńtì tàbí ìyẹ̀fun gàrí ti ń fò, kí ó jẹ́ IP65 ó kéré tán: 6 sọ pé eruku kò lè wọlé rárá, 5 sì sọ pé omi tí a fi rọ́bà tú sí i kò ní pa á lára. Nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá fi ihò wáyà kan sílẹ̀ láìdí, gbogbo owó IP65 náà ti ṣòfò.

Ohun tí iná ń ṣe fún ara, àti ilẹ̀ tiwa

Nǹkan bí 1 mA ni ara fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iná lára. Bí ó bá tó 10 mA, iṣan lè sún kì débi pé ọwọ́ kò ní lè tú ohun tó dì mú sílẹ̀. Láti 30 mA lọ, bí kò bá tètè já, èémí lè dúró, ọkàn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kí ó máa fa ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú yóò béèrè pé kí ló dé tí 20 mA ti sẹ́ńsọ̀ kò fi pa wá. Ìdáhùn ni pé fólítì 24 kò ní agbára láti ti iye iná bẹ́ẹ̀ gba inú awọ gbígbẹ. 240 ní in. Bí ọwọ́ bá tutù tàbí tó ń làágùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

RCD 30 mA ń já nígbà tí iná tó jáde kò bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó padà wọlé. Ohun èlò dáadáa ni, ṣùgbọ́n iná tó ń sá lọ sínú ilẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ kan mú féèsì tó sì fi èkejì mú niútírà lórí ohun tí kò kan ilẹ̀ kò yàtọ̀ sí gílóòbù lójú RCD, kò sì ní já.

Wáyà ilẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú wa wà, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kábà. Ọ̀pá bàbà tí a gbá wọlẹ̀ lè pàdé òkúta kí ó tó jìn, ilẹ̀ tó sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba iná dáadáa bíi ti ìgbà òjò. Ẹ wọn ilẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó burú jù. Ìwọ̀n tí a ṣe ní oṣù keje lè tàn wá jẹ. Ọ̀pá púpọ̀ tó jìnnà síra, tí a so pọ̀, dára ju iyọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà sí ìdí ọ̀pá kan ṣoṣo. Òjò yóò fọ iyọ̀ náà lọ, kí ó tó lọ, yóò sì ti jẹ irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àrá tún ń ba àwọn RS-485 tó kọjá láti ilé kan sí èkejì jẹ́. Bí owó bá wà, ẹ lo fáíbà níbẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀, kì í gbé iná. Bí kò bá sí, ẹ fi ohun tó ń dènà àrá sí ìpẹ̀kun méjèèjì.

Bí iná bá mú ẹnì kan, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ já iná kọ́kọ́. Bí kò bá mí, kí ẹnì kan pe 112 kí ó sì wá ọkọ̀, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró. Bó tilẹ̀ dìde tó sì ní òun kò ṣe nǹkan kan, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Bí a ṣe ń pa iná ẹ̀rọ kí a tó fọwọ́ kàn án

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka orísun. Iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ tó gba inú change-over, ínfátà pẹ̀lú bátìrì, UPS tó ń bọ́ PLC, wáyà aláwọ̀ ọsàn láti pánẹ́ẹ̀lì mìíràn, kàpásítọ̀ inú dráífù. Omi tó wà lókè àti afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú páìpù náà lè yí ẹ̀rọ láìsí iná kankan. Níbi tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ rí i pé ẹni tó ń tan án mọ̀ pé ẹ wà nídìí iṣẹ́; ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná ìjọba lọ, tí ọmọ kékeré kan sì sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àti ẹni tó wà ní yàrá ìṣàkóso, kí ẹ sì dá ẹ̀rọ dúró ní ọ̀nà tó yẹ. Ẹ já àísólétọ̀. Ẹ ki àgádágodo yín bọ ihò rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá, kì í ṣe lórí tábìlì. Bí ẹni mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, àgádágodo mẹ́ta ni, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ so káàdì mọ́ ọn tó sọ orúkọ yín, ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi tì í. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára dráífù.

Ìgbà yìí ni ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè wọn iná. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ lè mọ̀ pé mítà ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn féèsì sí féèsì, féèsì sí niútírà, féèsì sí ilẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán, ní AC àti ní DC bí dráífù bá wà níbẹ̀. Ẹ tún padà lọ wo ibi tí iná wà, torí pé mítà lè kú láàárín kan. Ìwọ̀n ààbò tí wọ́n kọ sára mítà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ CAT III 600 V ó kéré tán. Tẹ́sítà tó dà bí bírò, tó ń dún láìfọwọ́kàn, kò mọ DC, ó sì lè dákẹ́ níbi tí iná wà. Èmi kì í fi í pinnu ohun tó kan ẹ̀mí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì ìtànná lára pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó wà nídìí HMI tàbí SCADA náà pàṣẹ kí ẹ̀rọ tan. Bí kò bá mira, ẹ dá gbogbo súìṣì padà sí Off, kí ẹ tó ṣí ìdérí. Níbi tí wáyà tó ń gbé fólítì gíga bá wà, ẹ so féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì bo ohun tí iná ṣì wà lára rẹ̀ nítòsí. Iṣẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìyẹn, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ka irinṣẹ́ yín, ẹ dá ìdérí padà, ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nídìí bẹ́líìtì. Ẹni tó fi àgádágodo sí i nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹ tan àísólétọ̀ nígbà tí súìṣì wà ní Off, ẹ yí i sí Hand kí ẹ sì wò bóyá mọ́tò ń yí sí apá tó yẹ, nítorí pé bí féèsì méjì bá ti pààrọ̀ ipò, pọ́ǹpù yóò máa yí sẹ́yìn. Auto ló kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún yàrá ìṣàkóso. Bí ẹ bá yí àdírẹ́sì, ìyára tàbí rẹ́jísítà kankan padà, ẹ kọ ti àtijọ́ àti ti tuntun sínú ìwé ẹ̀rọ, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì náà.